Ibi Tí Ọkọ̀ Mi Ń Sùn

Bàbá mi, ẹ̀yin tí gbogbo ojú ọ̀nà Kánò mọ ohùn ọkọ̀ yín kí ẹ tó yọ,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mi ò retí èsì. Nígbà tí ẹ wà láyé, lẹ́tà tí mo bá kọ, Màámi ló ń wá ẹni tí yóò kà á, Màámi náà ló ń wá ẹni tí yóò fèsì. Ẹ̀yin á kàn ní kí wọ́n bá yín kí mi. Ìgbà tí ẹ ti wá dùbúlẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìwó, tí àwọn ọmọ ọmọ yín ń sáré kọjá lórí yín, ta ni yóò béèrè èsì lọ́wọ́ yín? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, awakọ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe awakọ̀ ti sú mi.

Ẹ má wo bí ọwọ́ mi ti rí. Ẹ̀yin lẹ mú mi kúrò ní ilé ìwé ní kíláàsì kejì, pé ọmọ tó bá ti lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ ti kàwé tó. Mi ò bá yín jà sí i. Mo ti rí àwọn tó kàwé dé òkè pátápátá. Mo ti gbá ọ́fíìsì wọn, mo ti kó ife kọfí tí wọ́n mu sílẹ̀. Ẹni tó kàwé dé òkè tí kò lè gbé ife tó fi mu nǹkan dé ibi omi, kí ni kí n jowú lára rẹ̀?

Inú ọkọ̀ mi ni mo ti ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ mi. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Onílé mi kú. Òyìnbó arúgbó ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ó máa ń mú àlùbọ́sà wá fún mi láti inú ọgbà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jogún ilé, kò sì tíì jókòó lórí àga bàbá rẹ̀ dáadáa tó fi tà á. Ilé tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí Múfú, ọmọ mi, ṣì wà lẹ́yìn mi, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irun ní Peckham níbí. Wọ́n fún mi ní ìgbà díẹ̀ kí n fi kó ẹrù mi. Ọmọ onílé náà wá fúnra rẹ̀, ó dúró sí àárín pálọ̀ mi, ó ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń wo màlúù tó fẹ́ rà. Kò kí mi. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Múfú wá ní òun ti rí ibi tó dára fún mi. Ó mú mi lọ wò ó. Bàbá, ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí ni! Ó mọ́ o, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Ó ń rùn bí ọṣẹ. Wọ́n so okùn pupa kan mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀, wọ́n ní bí mo bá ṣubú, kí n fà á. Mo bi ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri pé bí mi ò bá ṣubú ńkọ́, ṣé kí n máa fi sá aṣọ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí ọmọ ọwọ́. Nínú yàrá ńlá, àwọn èèyàn jókòó sí òbìrípo, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù rọ́bà síra wọn. Ẹni tó bá hán an, ọmọbìnrin náà á pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin tó ti bímọ, tó ti sin òkú, tó ti kọ́lé, ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún pé ó hán bọ́ọ̀lù! Mo yí padà sí Múfú, mo ní kó dá mi padà sílé kí n tó fi ọ̀pá mi fọ́ nǹkan níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ra ọkọ̀.

Kámpà ni àwọn òyìnbó ń pè é. Kò tóbi púpọ̀. Ó ní ibùsùn lẹ́yìn, ó ní sítóòfù, síńkì àti fíríìjì kékeré tí kò gbà ju ìkòkò ọbẹ̀ kan lọ. Èèyàn lè máa gbé inú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún, kó máa wà á láti ìlú dé ìlú, kò sì sẹ́ni tó máa wá ta ilé mọ́ ọn lórí. Tọkọtaya òyìnbó kan ló tà á fún mi nítorí pé orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn rẹ̀ mọ́. Orúnkún tèmi gbà á. Ọkọ náà fúnra rẹ̀ ló wà á wá, ó gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé mi. Ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan gáàsì, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń na ìka. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà mo ní kó ṣí iwájú ọkọ̀ kí n wo ẹ́ńjìnnì. Ojú rẹ̀ yí padà.

Mo fẹ́ rí ìlú yìí, Bàbá. Mo ti ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, mo sì ti fi ọkọ̀ kó iṣu fún ṣọ́ọ̀bù títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, síbẹ̀ mi ò tíì rí ju ibi tí bọ́ọ̀sì ń yí padà lọ. Ṣé ó yẹ kí èèyàn kú sí ìlú tí kò rí tán?

Ẹ̀yin lẹ fi í sí mi lára. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ti máa ń gbé mi síwájú lọ́rì, tí ẹ óò ní kí n di jíà mú kí ọwọ́ mi lè mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ? Kí ẹ tó gòkè, ẹ óò fi ẹsẹ̀ ta táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ óò dẹ etí sí i bí adájọ́. Ẹ óò fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò ní Bísímílà, ẹ óò tu èèpo orógbó sí apá òsì. Èmi náà ń ta táyà. Àwọn ọmọ tó ń kọjá ní Peckham rò pé mò ń bá ọkọ̀ jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó.

Bẹ́ẹ̀ lẹ sì sùn lórí àpò obì lábẹ́ tápólì ju bí ẹ ti sùn lórí ẹní Màámi lọ. Ta ló pè yín ní aláìnílé rí? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá dá wa dúró ní Jẹ́bà, tó ń bínú, tó ní kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ní, “Ilé Àgbẹ̀dẹ, ní Ìwó. Tí o bá débẹ̀ tí o dárúkọ mi, ewúrẹ́ ilé wa pàápàá á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà.” Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ọ̀nà. Mo rò pé bí ayé ti rí nìyẹn. Mo rò pé kí èèyàn ṣáà ti ní ilé tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀, kó sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Níbí, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kan títì láìní ìnṣọ́ránsì. Mo pè wọ́n lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tó fẹ́ fi oyin tan eṣinṣin. Orúkọ mi gbọnrangandan ló ń pè mí, bí ẹni pé a jọ wẹ̀ lódò. Ó ní níbo ni ọkọ̀ mi máa ń sùn.

Mo ní, “Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí.”

Ó ní ìyẹn dára, àwọn ní irú èmi lọ́dọ̀, ọkọ̀ lè máa rìn kiri bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ilé kan gbọ́dọ̀ wà tí ìwé á máa dé, tí orúkọ mi á sì wà. Ilé yẹn náà ló gbọ́dọ̀ wà lára láísẹ́ǹsì mi. Mo ní bí ilé yẹn kò bá sí ńkọ́? Ó mí sínú fóònù. Ó ní ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n lè kọ ọ́ pé mi ò ní ibùgbé, dókítà á ṣì tọ́jú mi, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tàwọn, kọ̀ǹpútà kò ní gbà á.

Kò sóhun tó burú níbẹ̀! Kí wọ́n kọ ọ́ sí ara mi pé mi ò ní ibùgbé, èmi ọmọ Ilé Àgbẹ̀dẹ! Ọ̀rọ̀ tí a fi ń bú wèrè ọjà nílé ni òun ń fi ohùn oyin sọ fún mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí Ọlọ́run máa bi mí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà ńlẹ̀ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mi ò bá rí ilé kan tí orúkọ mi á wà kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ọkọ̀ mi á dúró, wọ́n á wá wọ́ ọ kúrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èmi á sì lọ máa hán bọ́ọ̀lù.

Ọ̀dọ̀ Múfú ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, ní Brockley. Ilé rẹ̀ dára. Ó ní àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé.

Ó ní, “Mummy, ẹ wá gbé lọ́dọ̀ wa now. Box room wà.”

Mo ní, “Mi ò sọ pé mo fẹ́ gbé. Lẹ́tà mi ni kó máa gbé níbí.”

“Tí mo bá fún yín ní address mi, it means mo gbà kí ẹ máa sùn lẹ́bàá ọ̀nà bíi gypsy. Àwọn èèyàn á ní èmi ni mo lé yín síta. Mi ò lè gbà, Mummy. Ẹ lọ sí ibi tí mo fi hàn yín.”

“Ṣé ìwọ ló bí mi ni?”

“Mummy, it's not like that.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí gan-an. Ó mọ̀ pé mi ò ní agbára láti rìn láìsí ilé tí orúkọ mi á wà, ó wá ń fi ilé dè mí bí àgbò Iléyá. Ọmọ tí mo pọ̀n dé ibi iṣẹ́, tí mo tẹ́ sínú agbọ̀n ìwé ìdọ̀tí nígbà tí mò ń nu tábìlì àwọn ọ̀gá! Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá fún mi nínú ife tí kò gbà tó ẹnu ẹyẹ. Mo mu ún, mo dìde. Mi ò bẹ ọmọ tí mo bí.

Mo wá rántí Alhaji Gàní.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ló dàgbà. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, tó ń sùn lórí ilẹ̀ ilé onílé, àdírẹ́sì mi ló lò. Kò tọrọ. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà rẹ̀ ń já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo kó wọn sórí fíríìjì, mo ránṣẹ́ pè é. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é láàárín ara wa níbí: ẹni tó bá ti nílé, ilé rẹ̀ ni ilé gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, títí tí wọ́n á fi rí tiwọn. Orúkọ tó gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé pọ̀ débi pé ẹni tó ń pín lẹ́tà bi mí lọ́jọ́ kan bóyá hòtẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe. Mo ní rárá, ìyá ni mò ń ṣe.

Gàní ti wá di Alhaji báyìí. Ó ní ilé alájà ní East Dulwich, níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì bí ẹni ń ta wúrà. Sàfù iwájú ló máa ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí, tẹ̀sùbáà rẹ̀ gùn bí okùn kànga. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé òun tọrọ lọ́wọ́ mi ni? Mo pe ọmọbìnrin olóhùn oyin padà, mo ka ilé Gàní fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dáná ẹ̀wà lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú.

Kò pẹ́ tí fóònù dún. Ọmọbìnrin náà ni. Ohùn rẹ̀ kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ìwé tí àwọn fi ránṣẹ́ sí mi ti padà, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Ó ní àwọn kò lè tẹ̀ síwájú.

Bàbá, mo jókòó lórí àpótí ẹrù. Wọn kò mọ̀ mí.

Mo pe Gàní.

Ó ní, “Háà, Alhaja wa! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.”

“Gàní, ṣé o mọ̀ mí?”

“Ẹ̀yin ìyá wa? Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, káńsù ni, Alhaja. Mo ti kọ ọ́ fún wọn pé èmi nìkan ni mò ń gbé ilé yìí. Wọ́n ń dín owó orí ilé kù fún ẹni tó bá ń dá gbé. Tí orúkọ kejì bá wọlé báyìí...”

Ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ń ké, ẹnì kan ń lu ilẹ̀kùn, obìnrin kan ń pariwo pé ta ló fi bàtà sórí àtẹ̀gùn.

Mo ní, “Ìwọ nìkan, Gàní? Ta ló wá ń ké lẹ́yìn rẹ yẹn?”

Ó ní, “Tẹlifísọ̀n ni, Alhaja.”

“Tẹlifísọ̀n yẹn ń pè ọ́ ní Daddy.”

Ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Ó pa fóònù.

Mi ò sunkún. Kí n sunkún nítorí Gàní? Omi ojú mi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣírò èèyàn inú ilé ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èmi? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ẹ gbé síwájú ọkọ̀ rí, tí ẹ fún lóúnjẹ lọ́nà, tó wá wa ọkọ̀ tirẹ̀ kọjá nígbà tí ọkọ̀ yín bàjẹ́, tí kò tẹ fèrè? Kí ni ẹ ṣe fún un? Àbí ẹ kàn tu èèpo orógbó sí apá òsì?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti obìnrin yẹn.

Ẹ̀yin lẹ gba yìgì mi, ẹ mọ ọkọ mi. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé nígbà tí a ti pẹ́ níbí, ó fẹ́ ẹlòmíràn lé mi. Rísíkà ni wọ́n ń pè é. Ó gbé e sí fúláàtì kan ní Walworth. Ọkọ wa á wọ bọ́ọ̀sì lọ, á wọ bọ́ọ̀sì bọ̀, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí Ọlọ́run fi ní kó sinmi. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe àdúrà fìdáù rẹ̀, èmi àti Rísíkà kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ara wa sọ. Bí Iléyá bá dé, á fi ọbẹ̀ ẹran ránṣẹ́, èmi á gbé e fún àwọn tó ń ta irun nísàlẹ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò dára. Kì í jẹ́ kí ata jinná. Obìnrin tí kò ní sùúrù fún ata, kí lèèyàn fẹ́ retí lọ́wọ́ rẹ̀?

Mò ń fi aṣọ di abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Mo ṣí i, òun ni. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Òun náà ti darúgbó, Bàbá! Ẹni tí mo ṣì ń pè ní ìyàwó nínú ọkàn mi, irun funfun ti yọ lábẹ́ ìborí rẹ̀.

Mo ní, “Dìde, má lọ kú sí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tèmi mọ́.”

Ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ilé tí wọ́n á kọ orúkọ yín sí.”

“Ta ló ní mò ń wá nǹkan?”

“Múfú ló pè mí. Ó ní kí n wá bá òun bẹ̀ yín kí ẹ lọ sí ilé àgbà yẹn. Mo ní mi ò lè jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyáálé mi.”

“O ṣeun. Máa lọ.”

Kò lọ. Ó gbé abọ́ tó dì sínú aṣọ lé orí àpótí. Ọbẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé ọkọ wa. Ibi yòówù tí mo bá wà, ẹ ti ṣáájú mi débẹ̀. Mo ti kọ orúkọ yín sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti sọ fún káńsù náà pé èmi nìkan kọ́ ló ni ilé mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Bí òtútù bá mú, ẹ wa ọkọ̀ yín wá, kí ẹ wá sùn. Bí òtútù kò bá mú, ẹ máa lọ, màá máa bá yín kó lẹ́tà yín jọ.”

Mo ní kó gbé ọbẹ̀ rẹ̀ padà. Ó ní abọ́ náà wúwo, òun ò lè gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó lọ.

Ẹ wo nǹkan, Bàbá. Gàní, tí ilé rẹ̀ ń hó bí ọjà, lọ sọ fún ìjọba pé òun nìkan ni. Obìnrin yẹn, tí kò sí ẹnì kan tó ń bá a mu omi láti ìgbà tí ọkọ wa ti kú, lọ sọ fún ìjọba pé òun nìkan kọ́.

Mi ò fẹ́ gbà á. Kí n sọ òtítọ́, mo ti pinnu pé ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ ju kí n wọ abẹ́ òrùlé Rísíkà. Ṣùgbọ́n mo nílò ike ìfọbọ́ tó máa wọ inú síńkì ọkọ̀, ọjà East Street sì ni wọ́n ti ń ta èyí tó kéré. Walworth náà ni ọjà yẹn wà. Mo ra ike. Mo ní kí n kàn gba ọ̀nà ilé rẹ̀ kọjá, kí n wo irú irọ́ tó pa.

Kò purọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ilẹ̀kùn, níbi tí orúkọ ọkọ wa, tí a jọ ń jẹ́, wà tẹ́lẹ̀, ó ti ya ìyẹn kúrò. Ó lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, ó fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Kíkọ rẹ̀ burú ju tèmi lọ, ó wọ́ bí ìrìn adìẹ tó mu omi ọṣẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ọkọ ló kọ. Orúkọ tí ẹ̀yin fi ẹnu yín pè mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni, tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí Màámi ti kú. Òun ló wà lókè, ó tóbi. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó kéré.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ike lọ́wọ́. Mi ò tẹ aago. Kí ni kí n tẹ aago tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ fún? Ta ni onílé ń pè jáde?

Ó ti rí mi láti ojú fèrèsé. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò ní kí n wọlé. Ṣé àlejò ni mí ni? Ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀nà ti rí?”

Ọbẹ̀ wà lórí iná. Ó bu oúnjẹ fún mi. Ata rẹ̀ kò jinná. Mo sọ fún un. Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyáálé.” Mo ní kí ó máa jẹ́ kí epo gbóná kó tó da ata sí i, kó sì jókòó tì í, kó yé sá kiri. Ó ní ọkọ wa kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Mo ní ọkọ wa, ojo ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo jẹ oúnjẹ náà tán.

Orí àga rẹ̀ ni mo ti pe ọmọbìnrin olóhùn oyin. Mo ka ilé náà fún un. Ó ní ṣé ó dá mi lójú lọ́tẹ̀ yìí pé wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀.

Mo ní, “Orúkọ mi ló wà lókè. Kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́. Ìwé dé. Rísíkà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá fún mi ní Peckham, ó dì í sínú ọ̀rá bí ẹran Iléyá. Láísẹ́ǹsì mi náà ti dé, Walworth wà lára rẹ̀. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọmọ onílé. Kò bọ́ bàtà rẹ̀. Múfú dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ le, ó ní ṣé mo mọ ibi tí mò ń lọ. Mo ní kó ta táyà ẹ̀yìn fún mi kó sọ ohun tó gbọ́. Ó ta á. Kò gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò ní gbọ́. Gàní ránṣẹ́ pé òun ń gbàdúrà fún mi. Kó gbà á fún tẹlifísọ̀n rẹ̀.

Etí òkun ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Mo ti ta táyà tán. Mo ti gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Orógbó tí mo rí rà níbí ti gbẹ, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ ṣì ṣe é tu.

Bí ẹnì kan bá bi yín lọ́hùn-ún pé níbo ni ọmọ yín ń gbé, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ ní Walworth ni. Ẹ ní kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, ìlú náà kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn, tó dárúkọ tí ẹ sọ mí, arúgbó obìnrin kan tí kò mọ ọbẹ̀ sè á dìde, orúnkún rẹ̀ á dún, á sì ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ gbé síwájú ọkọ̀, tí kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ náà.